Ẹ bi dókítà nípa òwú

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín lórí ojú ọkọ yín: wọ́n ní etí ẹyinjú rẹ̀ nísàlẹ̀ ń di fẹ́lẹ́, wọ́n fẹ́ fi lésà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá lésà táwọn tó fẹ́ bọ́ awò sílẹ̀ ń ṣe náà ni. Rárá o. Fífá ni ìyẹn ń fá ẹyinjú, kí sì ló kù tí wọ́n fẹ́ fá lára ohun tó ti fẹ́lẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìyẹn lọ̀ yín, ẹ má gbà rárá.

Pellucid marginal degeneration, àìsàn tó ń mú etí ẹyinjú di fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, ni wọ́n pe tèmi. Kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ láàárín. Tèmi ti fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lẹ́ńsì líle tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú ni mo fi ń ríran títí tí kò fi dúró lójú mi mọ́. Bí ọkọ yín ò bá tíì gbìyànjú lẹ́ńsì scleral, èyí tó tóbi, ẹ kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

Gígé ni iṣẹ́ lésà ti iṣẹ́ abẹ yìí, femtosecond lorúkọ rẹ̀. Ó gé ibi tó fẹ́lẹ́ kúrò, ó dúró níbi jíjìn tí wọ́n ní kó dé, ó sì gé èyí tó ní ìrísí kan náà, tó nípọn, lára kọ́níà òkú tó fi ojú tọrẹ. Dókítà ló wá fọwọ́ rán an. Wọn ò kan ìpele tó wà nínú lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí ewu pé ara lè kọ̀ ọ́ fi kéré sí ti ẹni tí wọ́n pààrọ̀ gbogbo kọ́níà fún. Ó kéré ni mo wí, kò tán.

Òwú tí wọ́n fi rán an ni wàhálà ibẹ̀. Wọ́n ń fà á le dáadáa kí ẹyinjú lè padà sípò, nítorí náà ìríran lè kọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀. Mo sunkún nígbà yẹn, torí kò sẹ́ni tó là á yé mi. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́, ìríran á sì máa yí padà bí wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó balẹ̀. Mo ṣì ń lo lẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ó ń jókòó báyìí, mo sì ń kàwé.

Bí wọ́n bá ti ṣe é fún ọkọ yín, kó má fọwọ́ nu ojú yẹn. Kó má dá oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń kán sójú dúró fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì máa wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, torí oògùn náà lè gbé e sókè. Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn ún, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un tàbí tí ìríran ṣú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn, kódà bó jẹ́ Sunday.