Fáìlì ilé ìwòsàn nìkan kọ́ ni ẹ̀rí

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí màmá yín lára ní London ní 1984 nígbà tí wọ́n bí yín, pé ẹnu àìpẹ́ yìí ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn mẹ́dọ̀wú C (hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀), pé ilé ìwòsàn sì ní àwọn ti da fáìlì ìgbà yẹn nù. Ẹ wá ń béèrè bóyá owó gbà-má-bìínú tí ìjọba Britain ń san fún àwọn tó kó àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún wọn nílé ìwòsàn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Kò tíì bọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún màmá yín ni wọ́n sọ fún èmi náà, ibi tí mi ò fọkàn sí ni mo sì ti rí ẹ̀rí.

London lèmi náà ti bímọ láyé ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ya lára mi, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó máa ń rẹ̀ mí débi pé àtẹ̀gùn ilé di iṣẹ́, ara ń yún mi, dókítà sì ń bi mí ṣáá pé báwo ni mo ṣe ń mutí tó. Èmi tí mi ò fi ọtí kan ẹnu rí! Nígbà tí wọ́n wá dárúkọ mẹ́dọ̀wú C, mi ò lè sọ ọ́ nílé. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ báyìí, ìṣekúṣe ni wọ́n máa rò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fáìlì. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà náà, inú àpòòwé kékeré kan báyìí ni GP ń kó ìwé aláìsàn sí, ibi tó bá sì kó lọ ni àpòòwé náà ń tẹ̀ lé e lọ. Kí màmá yín kọ̀wé sí GP wọn pé gbogbo ìwé àwọn ni àwọn fẹ́, ti orí kọ̀ǹpútà àti ti bébà. Ẹ̀tọ́ wọn ni lábẹ́ òfin, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde fún mi, kò sí nǹkan kan nípa ìbímọ mi níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wá àpòòwé yẹn. Láàárín àwọn káàdì tí ẹ̀gbẹ́ wọn ti fàya ni lẹ́tà kan wà, wọ́n ká a sí mẹ́ta, lẹ́tà táìpù rẹ̀ ti ń parẹ́: ó bí ọmọbìnrin, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, a fún un ní àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta. Ìlà yẹn ló gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀.

Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ẹ wá káàdì aboyún wọn, ẹ wá èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdún náà. Ẹni tó wá kí wọn ní wọ́ọ̀dù, tó rí àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n so kọ́, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Kí dókítà ẹ̀dọ̀ wọn náà kọ̀wé pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó hàn tí àrùn náà lè gbà wọlé. Àjọ tó ń san owó náà lè bi màmá yín bóyá wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ rí, tàbí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì ní Nàìjíríà. Kí wọ́n sọ òótọ́. Mo sín gbẹ́rẹ́ ní kékeré, mo sì sọ ọ́. Ohun tí àjọ náà ń wò ni bóyá ó jọ òótọ́ ju kó má jọ ọ́ lọ, wọn ò ní kó dájú bí ẹní fojú rí i.

Kí màmá yín má sì rò pé àánú làwọn ń tọrọ. Adájọ́ Brian Langstaff, tó ṣe olórí ìwádìí tí ìjọba Britain ní kí wọ́n ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn yìí, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní May 20, 2024. Ó lé ní 30,000 èèyàn tó kó HIV tàbí mẹ́dọ̀wú láti inú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, nǹkan bí 3,000 ti kú, ó sì sọ pé kì í ṣe èèṣì. Fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá, wọ́n ra oògùn wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtàwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ ṣe. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé Treloar's, ilé ìwé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ní England. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ àtàwọn èèyàn wa tó jẹ́ SS, September 1991 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò fún mẹ́dọ̀wú C, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń ṣe é ṣáájú. Inú máa ń bí mi títí dòní.

Àjọ tó ń san owó náà ni IBCA (Infected Blood Compensation Authority), òfin 2024 ló dá a sílẹ̀, ìjọba sì ya £11.8 bílíọ̀nù sọ́tọ̀. Kí màmá yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn báyìí, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ìwé bá pé. Ìjọba kì í gba owó orí lórí owó náà, kì í sì í dí bẹnẹfíìtì lọ́wọ́. Àjọ náà ló ń sanwó lọ́yà tó bá ń ràn yín lọ́wọ́, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fún òun ní ìdá kan nínú owó, ẹ sá fún un. Bàbá yín àti ẹ̀yin ọmọ ní ẹ̀tọ́ tiyín lọ́tọ̀, torí ẹ̀yin lẹ bá wọn gbé àìsàn náà. Àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ ní Britain níhìn-ín tí wọ́n ti padà sílé náà lè béèrè.

Ohun kan ṣì kù tó kán ju owó lọ. Àwọn àbúrò yín tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ yẹn, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ọmọ lè gba àrùn náà lára ìyá nígbà ìbímọ. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ń fi ohun èlò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lọ́fẹ̀ẹ́ ní England, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ló ń fẹ́. Bó bá sì wà lára wọn, oògùn lílò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ló ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ sàn báyìí. Òun náà ló wò mí sàn.