Kóòdù tó wà ní gbangba kì í ṣílẹ̀kùn fún olè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ kúrò lórí àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ mi káàkiri, kí n bọ́ sórí àwọn ọ̀fẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí mò ń ṣe. Àmọ́ àbúrò mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n má dán an wò. Ó ní nígbà tí gbogbo ayé ti lè rí kóòdù wọn, olè á tètè rí ọ̀nà dé ibi tí mo kó ọ̀rọ̀ aṣínà mi sí. Ó ti fi èyí tí wọ́n ń tà sórí kọ̀ǹpútà mi, ó ní òun bá mi wá èyí tí wọ́n ti kíráàkì, ìyẹn ni pé wọ́n ti já ohun tó ń béèrè owó nínú rẹ̀, n kò ní sanwó. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Kò sí sọ́fítíwíà kankan tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín. Ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń mọ ìkànnì tí ẹ lọ, ìkànnì tí ẹ bá sì fi orúkọ yín wọlé sí mọ̀ yín dájú. Èyí tó dáa nínú wọn á dín iye àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ yín jọ kù. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló ká mi lára. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, àwọn tó sì gba irọ́ náà gbọ́ ló ń lọ fi ọwọ́ ara wọn gbé kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà.

Kóòdù ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Tó bá wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Ọ̀rọ̀ aṣínà yín kò sí nínú ìlànà yẹn. Ẹ wo KeePassXC tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà: kóòdù rẹ̀ wà níta, ṣùgbọ́n fáìlì tó kó ọ̀rọ̀ yín sí wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ ló sì ń ṣí i. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ àgádágodo kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́.

Láti 1883 ni Auguste Kerckhoffs, onímọ̀ nípa fífi ọ̀rọ̀ pamọ́, ti kọ ọ́ pé ọgbọ́n tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ lè dúró kódà bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kó jẹ́ àṣírí. AES, ọgbọ́n ìpa-ọ̀rọ̀-mọ́ tí KeePassXC fi ń ti fáìlì náà pa, ìdíje gbangba ló ti wá. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé gbìyànjú láti fọ́ ọ kí Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di ìlànà àjùmọ̀lò ní 2001, ìjọba wọn sì ń fi pa àṣírí tiẹ̀ mọ́ títí dòní.

Mi ò sọ pé àléébù kì í wà níbẹ̀ o. Heartbleed, àléébù kan tó wà nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà gbangba tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀, lo nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó rí i ní 2014. Kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò bá kà, gbangba tó wà kò ṣe é ní nǹkan. Ní 2024, ẹnìkan tó ti fi ọdún méjì ó lé wá ojú rere àwọn tó ń tọ́jú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀, la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú rẹ̀. Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ara wọn rárá, ló ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà òun ń fi nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ jù. Ó tú u wò fínnífínní, ó sì ké gbàjarè kó tó ràn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní wọ́n ti kóòdù náà pa ni, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n kíráàkì fún yín. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ ti yí i padà ní ìkọ̀kọ̀, ẹ kò sì lè ka ohun tó fi kún un. Mi ò rí kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́ láti pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ti báńkì àti ti ímeèlì ni kí ẹ fi ṣáájú. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ni, ẹ sọ fún àwọn tó ń bójú tó o kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ní ti èyí tí ẹ ó máa lò: Firefox ni kí ẹ fi wo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so uBlock Origin mọ́ ọn, yóò dènà ìpolówó àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọpa yín láti ìkànnì dé ìkànnì. VLC fún fídíò àti orin. LibreOffice fún ìwé kíkọ. Ó ń ṣí fáìlì Word, àmọ́ ìtò rẹ̀ lè yí díẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Signal ni mo fẹ́ràn jù fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan ní kó mú ọ̀rọ̀ oníbàárà wá ní 2016, ọjọ́ tí onítọ̀hún ṣí àkáǹtì àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn nìkan ló rí mú wá. Ó ń béèrè nọ́ńbà fóònù o, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti wà á jáde, irú bíi keepassxc.org. Ẹ má ṣe tẹ ìpolówó tó bá yọ sókè nígbà tí ẹ ń wá a. Kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà yẹn sórí ìwé, kí ẹ fi í pamọ́ síbi tó dára, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà síbòmíràn: bí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà náà, èmi àti àwọn tó kọ KeePassXC, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i.