Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀gá kọ̀ǹpìnnì kan fi orúkọ ìnagijẹ bu kọ̀ǹpìnnì tó padà fẹ́ rà?

Bẹ́ẹ̀ ni o. John Mackey ni, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá Whole Foods tó ń ta oúnjẹ l'Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Láti 1999 di 2006 ló fi ń kọ̀wé lórí Yahoo Finance níbi táwọn tó ń ra ṣíà ti máa ń tàkúrọ̀sọ, Rahodeb ló pe ara ẹ̀, Deborah orúkọ ìyàwó ẹ̀ ló kàn da lẹ́tà ẹ̀ rú. Á yin Whole Foods dé ọ̀run, á wá ní Wild Oats tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà ò já mọ́ nǹkan kan. Ó tiẹ̀ yin irun orí ara ẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín)!

Àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn fẹ́ ra Wild Oats yìí kan náà ní 2007, ní nǹkan bíi 565 mílíọ̀nù dọ́là. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdíje ọjà, pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ìyẹn máa pa ìdíje ọjà, inú ìwé ẹjọ́ yẹn ni àṣírí ti tú. Ó tọrọ àforíjì, SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, náà yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò, wọn ò fìyà jẹ ẹ́.

Torí orúkọ ìnagijẹ nìkan kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń torí ẹ̀ múuyàn ni kó ra ṣíà tó pọ̀, kó máa pariwo ẹ̀ káyé lè rà á kówó ẹ̀ gbẹ́nu sókè, kó wá tà á lé wọn lórí. Ọmọkùnrin New Jersey kan ṣe é nígbà tí ò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ, ní 2000 SEC gba nǹkan bíi 285,000 dọ́là lọ́wọ́ ẹ̀.