Bílíìṣì kò ní wo ògiri tí omi ń gùn sàn

Ìbéèrè: Ìtòsí Èbúté ní Ìkòròdú ni ilé wa wà. Kò tíì pé ọdún méjì tí a kun pálọ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n rúsúrúsú ti gba ìsàlẹ̀ ògiri kan, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọmọ ti sọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn di dúdú. Wọ́n ní kí n po bílíìṣì mọ́ ásíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n fi fọ̀ ọ́. Báwo ni kí n ṣe pò ó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má pò ó rárá. Bí bílíìṣì bá ti kan ásíìdì, gáàsì chlorine ni yóò máa tú jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fà á símú, kí ó tètè bọ́ síta gba atẹ́gùn, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ikọ́ tàbí èémí líle bá tẹ̀ lé e.

Ó ń dùn mí pé àwọn tí ń pe ara wọn ní akunlé ni wọ́n ń kọ́ àwọn onílé ní irú àpòpọ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé omi ni ó ń gun ògiri yín láti inú ilẹ̀, bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Bí omi náà ti ń gòkè ni ó ń kó iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti yanrìn dání. Nígbà tí ó bá dé ojú ògiri, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù, á sì máa ti ọ̀dà síta títí yóò fi bó. Ẹ fi èékánná ha ibẹ̀ díẹ̀: bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá ń dà sílẹ̀, iyọ̀ náà nìyẹn. Bílíìṣì lè pa àwọ̀ àbàwọ́n náà rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú bílíìṣì, iyọ̀ ni ó sì ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ó bá ṣiṣẹ́ tán. Omi àti iyọ̀ ni ẹ tún ń fi kún ògiri tí omi àti iyọ̀ ń bà jẹ́.

Láti mọ̀ bóyá omi ni lóòótọ́, ẹ gé láílọ́ọ̀nù, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ògiri pinpin fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí inú, níhà ọ̀dọ̀ ògiri, ẹ pe bíríkìlà kí ó yẹ ìpìlẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ ìta wò, kí pọ́ńbà sì yẹ páìpù wò, nítorí pé n kò fojú ara mi rí ògiri náà. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọn yóò ha pílásítà tí iyọ̀ ti jẹ, wọn yóò rẹ́ ẹ tuntun, ẹ ó sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, bí ó tilẹ̀ gba oṣù mélòó kan, kí ẹ tó kùn ún. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà olóròóró bo ògiri tútù. Yóò lé ròrò ni.

Ti ọwọ́ àwọn ọmọ kò le. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ àti fóòmù rírọ̀ ti tó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí pé ọ̀dà tí kì í dán máa ń dán lójú ibi tí a bá fi agbára ra. Bí ọ̀dà bá ń bá fóòmù jáde, ẹ dáwọ́ dúró. Àtúnkùn ni ibẹ̀ ń fẹ́.