"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù": ṣé Mẹ́talọ́kan ni òwe yìí ń wí?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí. Obìnrin kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló kọ̀wé. Ó ní oníwàásù kan wí lórí rédíò pé àwọn baba ńlá wa ti mọ Mẹ́talọ́kan kí Bíbélì tó dé ilẹ̀ wa, àti pé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú òwe "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù". Baba ni ààrò kìíní, Ọmọ ni ìkejì, Ẹ̀mí Mímọ́ ni ìkẹta. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ Mùsùlùmí, gbọ́ ọ, ó sì ní: "Ẹ ò rí nǹkan tí mò ń wí! Ọlọ́run mẹ́ta lẹ ń sìn." Obìnrin náà ní òun ò mọ èsì tí òun lè fọ̀.

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó lọ kọ́ wọn. Èmi náà ti gbọ́ àlàyé yẹn lẹ́nu onírúurú ènìyàn, inú mi kì í sì í dùn sí i. Wọ́n ṣi òwe lò, wọ́n sì ba ẹ̀kọ́ ìjọ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kristẹni ni mí, mo gba Mẹ́talọ́kan gbọ́ tọkàntọkàn, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé òun ń gbèjà ìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìjọ ti lé jáde láti ọdún 325 ló ń fà padà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òwe náà, nítorí òun ni wọ́n fi ń tan àwọn ènìyàn.

Ní Kétu ni ìyá bàbá mi ti dáná títí ó fi darúgbó. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò rẹ̀ wà, òkúta mẹ́ta tí ọ̀kankan wọn ò jọ èkejì. Ọ̀kan jẹ́ yangí pupa tó fẹ̀ nídìí. Ìkejì jẹ́ òkúta dúdú, ó ga. Ìkẹta kéré débi pé ó ní láti bu yẹ̀pẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó tó bá àwọn yòókù ṣe déédéé. Bí òjò bá ti ṣan ilẹ̀ lọ, á tún wọn tò. Á gbé ìkòkò olómi ka orí wọn kó tó dáná rárá, á bẹ̀rẹ̀, á máa wo etí omi nínú ìkòkò. Bí omi bá ga sí apá kan, á fi ẹsẹ̀ ti òkúta kékeré yẹn díẹ̀, á tún wò ó. N ò rí i kó wá òkúta mẹ́ta tó dọ́gba rí. Kò sì sí obìnrin kan ní agbo ilé wa tó wá irú ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni òwe ti wá. Òkúta ààrò kì í dọ́gba, kò sì ní kí wọ́n dọ́gba. Òkúta méjì ò lè gbé ìkòkò dúró, yíyí ni yóò yí dànù. Fi mẹ́rin sí i, bí ilẹ̀ ò bá tẹ́jú dáadáa, ọ̀kan nínú wọn ò ní kan ìdí ìkòkò, ìkòkò á sì máa mì. Mẹ́ta nìkan ló jẹ́ pé, ilẹ̀ yòówù kó o tò wọ́n sí, gbogbo wọn ni yóò kan ìdí ìkòkò pọ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò nílé ìwé lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ọ́ lórí ìwé. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ láìka ìwé. Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí agbára wọn ò dọ́gba ló ń sọ: ẹni ńlá, ẹni kékeré àti ẹni àárín, tí iṣẹ́ kan ò lè yọrí àfi tí gbogbo wọn bá dúró sí àyè wọn.

Mo jókòó níbi tí wọ́n ti ń jíròrò ìsìnkú bàbá kan ní Kétu. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Àgbà ń ṣòwò ní Kútọnu, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ń wa zémì, alùpùpù akérò. Àbíkẹ́yìn ò ní ju oko àti apá rẹ̀ lọ. Àgbà ní òun á dá gbogbo ìnáwó náà ṣe, pé kí àwọn àbúrò lọ jókòó. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Olórí ẹbí gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ó sì dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ń wí. Àbíkẹ́yìn ló gbẹ́ sàréè, èkejì ló ń gbé àwọn àlejò láti ibi tí ọkọ̀ ń já wọn sí, àgbà ló sanwó màlúù. Bí wọ́n ṣe ń pa òwe yìí nìyẹn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ni. Kò burú, abẹ́ rẹ̀ náà ló bọ́ sí. Ní ti ọ̀rọ̀ Ògbóni tó ní méjì ló di ẹ̀ta, tí àwọn kan tún ń fà wọ inú Mẹ́talọ́kan, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ilẹ̀ ni ìkẹta wọn, kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́.

Wàyí o, gbé òwe ààrò yìí lé Ọlọ́run kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí òkúta kan bá ju èkejì lọ nínú ààrò, a jẹ́ pé ẹnì kan ju ẹnì kan lọ nínú Ọlọ́run nìyẹn. Ohun tí Arius sọ gan-an nìyí. Àlùfáà ni Arius ní Alẹkisáńdíríà, ilẹ̀ Íjíbítì. Ó ní Baba nìkan ni kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ, bó ti wù kó ga tó, ẹ̀dá ni, ìgbà kan sì wà tí kò sí. Kò ti àpò ara rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yọ o. Jésù fúnra rẹ̀ wí nínú Jòhánù 14:28 pé Baba tóbi ju òun lọ, ẹsẹ yẹn kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọlẹ́yìn Arius. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Alexander, takò ó. Ìjà náà ràn débi pé Kọnsitatínì, ọba Róòmù, pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea, ìlú kan tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, ní ọdún 325. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé Ọmọ jẹ́ Ọlọ́run tòótọ́ láti inú Ọlọ́run tòótọ́, pé a bí i ni, a kò dá a, àti pé ohun tí Baba jẹ́ náà ni Ọmọ jẹ́. Ó pé 1700 ọdún ní 2025.

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò yẹn kọ́ ni ìjà parí. Athanasius, tó bá Alexander lọ sí Nicaea gẹ́gẹ́ bíi díákónì, ló di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé e kúrò nílùú nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 381, ní Kọnsitantinópù (Istanbul òde òní), ni wọ́n tó sọ ti Ẹ̀mí Mímọ́ yanjú. Ìyà tí àwọn ènìyàn jẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé Ọmọ kéré sí Baba, òun ni oníwàásù yìí fi òkúta ìdáná fọ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Èyí tó tún burú jù ni ti ìkòkò. Ìkòkò ni à ń torí rẹ̀ to ààrò. Bí Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí bá jẹ́ ààrò, ta ni ìkòkò? Bí o bá ní Ọlọ́run ni, ó ti di mẹ́rin, Ọlọ́run sì ti ń gbára lé nǹkan mẹ́ta kó má bàa ṣubú. Bí o bá ní ayé ni ìkòkò, a jẹ́ pé wọ́n pín ẹrù náà láàrin ara wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá a gbé. Ìjọ kò kọ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọ ní Baba jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, Ọmọ jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, síbẹ̀ Ọlọ́run kan ni. Òkúta ààrò, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: o lè gbé ọ̀kan lọ sí agbo ilé kejì, yóò ṣì jẹ́ òkúta.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sáré mú 1 Jòhánù 5:7 wá, níbi tí àwọn Bíbélì àtijọ́ kan ti ní mẹ́ta ni ó ń jẹ́rìí ní ọ̀run, Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ rọra. Gbólóhùn yẹn kò sí nínú àwọn ìwé Gíríìkì àtijọ́. Erasmus, tó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì ní 1516, kò rí i kó fi sí i. 1522 ló tó wọlé. Àwọn tó gba Mẹ́talọ́kan gbọ́ pàápàá kì í gbé ẹsẹ̀ lé e mọ́ bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni Mẹ́talọ́kan. Íjíbítì ni Arius àti Athanasius ti jà. Tertullian, tó ti ń fi ọ̀rọ̀ Látìn pe Mẹ́talọ́kan ní ohun tó ju 100 ọdún lọ kí ìpàdé Nicaea tó wáyé, ará Kátéjì ni, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní. Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti jiyàn rẹ̀ jù.

Iyàn náà kò tíì tán láàrin àwọn Kristẹni. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó ń kanlẹ̀kùn wa ní Àjàṣẹ́ ò gbà á rárá. Wọ́n ní Baba nìkan ni Olódùmarè, pé Ọmọ ni ẹ̀dá àkọ́kọ́. Ẹ má bú wọn. Ẹ ṣí Jòhánù 1:1 àti 20:28 kí ẹ bá wọn kà á. Òdìkejì wọn ni àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì kan tó ní ẹnì kan ṣoṣo ni, tó ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, tí wọ́n sì ń ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Jésù nìkan nítorí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:38. Ní 1916 ni ọ̀rọ̀ yẹn pín ìjọ Assemblies of God níyà ní Amẹ́ríkà. Ní ti Kátólíìkì àti àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, bóyá Ẹ̀mí ti ọ̀dọ̀ Baba nìkan jáde tàbí ti ọ̀dọ̀ Ọmọ náà wà lára ohun tó fa ìyapa wọn ní 1054.

Nílé wa níhìn-ín, ìjọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial) ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn kàn. Àjàṣẹ́ ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, lọ́wọ́ Samuel Biléou Oshoffa, káfíńtà tó ti inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jáde. Nítorí pé wọ́n ń ké pe Máíkẹ́lì Mímọ́ nínú àdúrà, àwọn kan ní wọ́n ti fi áńgẹ́lì sí àyè Ẹ̀mí Mímọ́. Ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìrìbọmi. Ẹ jẹ́ ká máa wádìí kí a tó dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé àlàyé ààrò yìí ń ráyè wọlé nítorí pé àwọn ọmọ wa ò mọ ààrò mọ́. Gáàsì tàbí èédú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dáná ní Àjàṣẹ́, ààrò di ohun tí wọ́n ń rí ní ìsìnkú tàbí nígbà tí gáàsì bá tán. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ka òwe, kì í ṣe lẹ́nu àgbà tó ń parí ìjà. Ọmọ tí kò rí bí ìyá ńlá rẹ̀ ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ gbé òkúta kékeré ga, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹni tó ní mẹ́ta náà dọ́gba ń purọ́ mọ́ òwe? Gbogbo òwe tó bá ti ní "mẹ́ta" nínú ni wọ́n ń gbé gun pẹpẹ báyìí. Ẹ̀yin àgbà tó wà nínú ìjọ, tí ẹ mọ̀, tí ẹ dákẹ́, ẹ̀bi yín wà níbẹ̀.

Ọmọ mi, ka Mátíù 3:16-17 fún àwọn ọmọ: Ọmọ jáde kúrò nínú omi, Ẹ̀mí ń sọ̀ kalẹ̀ bí àdàbà, ohùn Baba ń ti ọ̀run wá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Nicaea sórí díẹ̀díẹ̀. Má fi ohun ìdáná kankan kún un. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ni Mẹ́talọ́kan jọ, sọ fún wọn pé kò jọ nǹkan kan tí a dá.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òótọ́ ló sọ nípa àlàyé tó gbọ́ yẹn, ọlọ́run mẹ́ta ló ń kọ́ni, ìjọ náà kò sì gbà á. Fi Diutarónómì 6:4 hàn án, pé Olúwa kan ni Olúwa Ọlọ́run wa, kí o sì fi Máàkù 12:29 hàn án níbi tí Jésù ti tún un sọ. Kò ní torí ìyẹn gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a gbà gbọ́ ni yóò máa bá ọ jiyàn lé lórí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníwàásù rédíò. Bí ó bá mú Jòhánù 14:28 dé, kọ̀wé sí mi padà. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ yẹn gùn, mi ò fẹ́ kí o fi ẹnu kan dá a lóhùn.