Dókítà jágbe mọ́ ìyá mi: kí ni kí n sọ fún un?

Ìbéèrè: Ìyá mi, ẹni ọdún 64, ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ àwọn ń wú láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun. Ó ní, "Ìwọ ìyá yìí, ṣé ìwọ ni dókítà ni àbí èmi?" Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti pa oògùn tì. Báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà? (Òkè-Ẹlẹ́rìn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Oògùn la máa kọ́kọ́ mójú tó o. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ru kí orí má fọ́ èèyàn rárá, nítorí náà, ẹ gbé ìyá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lónìí tàbí lọ́la, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ẹ wo ara páálí oògùn náà. Bí ẹ bá rí "amlodipine", ọ̀rọ̀ gidi ni ìyá sọ. Ó máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú, dókítà sì lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wíwú tún lè ti ọ̀dọ̀ ọkàn tàbí kíndìnrín wá. Ohun tó yẹ kí dókítà yẹn gbọ́ gan-an ló lé dànù.

Nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, mo ti rí i tó pọ̀: aláìsàn á kúnlẹ̀, á ní "Ẹ ṣé sà, ó ti yé mi." Tó bá jáde, á fà mí láṣọ lẹ́nu ọ̀nà: "Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n ní kí n ṣe?"

Ẹ bá ìyá wọlé. Ẹ kó oògùn àtijọ́ àti tuntun sínú ọ̀rá kan, ẹ tú u sórí tábìlì. Ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn ń wú látìgbà tí wọ́n ti ń lo èyí. Èwo ni kí wọ́n dá dúró? Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá mo gbà á sódì." Tó bá tún ń pe ìyá ní "ìwọ", ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Ẹ bá wa fi 'ẹ' bá wọn sọ̀rọ̀, sà." Mo mọ̀ pé èrò máa ń pọ̀ ní kíníìkì, ó sì máa ń rẹ dókítà. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ń pe àgbàlagbà ní "ìwọ", kì í ṣe èrò ló kọ́ ọ.

Ojúure kọ́ lẹ̀ ń tọrọ. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí oníṣègùn ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú àti ewu tó wà níbẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Bí kò bá yí padà, ẹ ní kí mátírọ́ọ̀nù jẹ́ kí dókítà mìíràn rí ìyá. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún ọ̀gá ẹ̀ka náà. Ìgbìmọ̀ MDCN tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ náà ń gba ẹjọ́, àmọ́ ẹ má tíì débẹ̀ lórí èyí.