Ta ni kí ọmọ mú lọ sí ilé ìwé?

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin òbí. Manchester ni à ń gbé. Oṣù kẹwàá, tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú níbí, ti dé, ilé ìwé ní kí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn dúdú kan tó ṣe ohun ńlá. Lewis Hamilton ló mú. Bàbá rẹ̀ fárígá, ó ní ará ilé ni kó mú. Ọmọ wá bi wá pé, "Ṣé ẹnì kankan láti ọ̀dọ̀ yín ti ṣe nǹkan rí?" Ẹnu mi wọhò, èmi tí màmá mi ṣì ń yan gàrí ní Ìyàrà, nílẹ̀ Òkun wa ní Kogi, tó jẹ́ pé gàrí yẹn ló fi rán àwa márààrún lọ sí ilé ìwé. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kó mú Hamilton. Ìgbà méje ló gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé nínú eré ọkọ̀, ó tọ́ sí i. Ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi yín ni kò jẹ́ kí n sùn.

Bùnú, nílẹ̀ Òkun kan náà, ni wọ́n bí mi sí, Ottawa ni mo bí ọmọ mẹ́ta sí. Oṣù kejì ni oṣù ìtàn ènìyàn dúdú tiwa níbí. Lọ́dún 2017, màmá mi wá bá mi wẹ ọmọ kẹta, ọmọbìnrin mi àgbà sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màámá gbé aṣọ kan wá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun lórí òfì tó fara ti ògiri lẹ́yìn ilé wa. Ó pupa fòò, ìlà rẹ̀ kò yẹ̀ níbì kan. Alaalẹ́ ni ọmọ náà ń jókòó tì í, tí ń fi ìka tọ àwọn ìlà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní Màámá lòun máa mú lọ sí ilé ìwé, pé Màámá mọ iye òwú tó wà nínú aṣọ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní kó mú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, pé Màámá kò ṣe nǹkan kan. Màámá jókòó níbẹ̀, ìkókó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì rí bí ojú ọmọ ṣe yí padà. Ó bi mí pé kí lọmọ ń wí. Mo ní oúnjẹ ló ń bèèrè. Ó wò mí. Ó ká aṣọ náà, ó dá a padà sínú àpò. N kò rí i kó tún yọ ọ́ títí ó fi lọ sílé.

Katherine Johnson, olùṣirò NASA, ilé iṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, ni mo fà lé ọmọ lọ́wọ́. Obìnrin ńlá ni, n kò ní bu ọlá rẹ̀ kù: kí John Glenn, ará Amẹ́ríkà, tó wọ ọkọ̀ gbéra lọ sí òfurufú láti yí ayé po lọ́dún 1962, ó ní àfi kí obìnrin yẹn fọwọ́ ṣe ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ti ṣe, kó rí i pé ó pé. Ọmọ mi gba ìyìn, mo ya fọ́tò. Ó tó ọdún mélòó kan kó tó yé mi pé olùṣirò ni mo rán ọmọ lọ yìn níta, mo sì dá olùṣirò dúró sílé.

Màámá kú lọ́dún 2020, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kò fò. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ọmọ yẹn bi mí pé báwo ni Màámá ṣe ń ka òwú ọ̀hún. N kò mọ̀. Màámá fúnra rẹ̀ ló lé mi kúrò nídìí òfì pé kí n lọ kàwé. Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó, nínú yìnyín ni mo ń padà wálé láàárọ̀. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì níwà. Mo máa ń sọ ìyẹn fún ara mi.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣe nǹkan. Ògìdì ni Nike Davies-Okundaye ti wá, Ìjùmú tiyín níbẹ̀. Lọ́dún 1951 ni wọ́n bí i, àárín àwọn tó ń hun aṣọ, tí wọ́n ń pa aró ló dàgbà sí, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin níṣẹ́ àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà lọ́dún 2010. Yunifásítì Carleton ní Ottawa wa níbí ló ti ń kọ́ni, títí ọkọ̀ òfurufú Ethiopia tó wọ̀ fi já ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2019, tó sì bá a lọ. Ìlú kan náà la jọ gbé, n kò mú ọmọ mi lọ rí i rí.

Ṣùgbọ́n màmá yín ńkọ́? Ẹ pè é kí ọmọ yín bi í bó ṣe ń mọ̀ pé gàrí ti yan tó, àti àpò mélòó ló ń tà kó tó san owó ilé ìwé ẹnì kan. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bóyá olùkọ́ máa gbà á, n kò lè sọ. Aago Manchester àti aago Ìyàrà ṣì dọ́gba títí wọn ó fi yí tiyín padà níparí oṣù yìí. Màmá yín kò tíì sùn.